Ẹ Má Tọrọ Àforíjì Nítorí Ohun Tí Ẹ Sọ Fún Àlejò Náà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìfaradà òjò ọdún yìí, ẹ kú ọ̀nà oko tó ti di ẹrẹ̀. Èmi Rákélì ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà níbi tí mo wà. Mo kí bàbá mi. Mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, mo kí gbogbo ìyàwó ilé àti ọmọ ilé, mo sì kí Bàbá Ìjọ àti àwọn akọrin ní Iyere. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ẹ má dààmú lórí ìyẹn.

Dúpẹ́, má kà á ní ohùn jẹ́jẹ́. Ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Wọn yóò rí i ní Ọ̀wọ̀, wọn yóò rí i ní Ifọ̀n, àti níbikíbi tí wọ́n ti ń ka Yorùbá. Nítorí náà, kà á sókè. Bí aládùúgbò bá fẹ́ gbọ́, gbé àpótí fún un kí ó jókòó.

Ìyá mi, nínú lẹ́tà tí ẹ ní kí Dúpẹ́ kọ sí mi kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ tọrọ àforíjì. Ẹ ní ẹnu yín ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ ní ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ bá ti dákẹ́. Mo ka lẹ́tà náà, mo ká a pọ̀, mo tún tú u, inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ẹ lè mọ ẹni tó jẹ̀bi, kí àwọn tó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́nà odò náà sì lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ọ̀dọ̀ Sàlámátù ni mo ń gbé. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, aránṣọ ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ gidi, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí àárín ìlú. Yàrá kan ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni àwa méjèèjì ń sùn. Òun ń kírun, èmi ń kọ orin ìsìn, a kò sì tíì jà lórí rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án mo máa ń bá a ká etí aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo taipuráítà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan lẹ́bàá ojú irin.

Èkó kì í ṣe ilé. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Ó lè rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí aṣọ má gbẹ, kí bàtà hu funfun lábẹ́ ibùsùn. Èyí tó le jù fún mi ni ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí kálukú bá ń bá ẹbí rẹ̀ lọ sílé, tí èmi á máa dá rìn padà, tí kò sí ẹnì kan ní gbogbo òpópónà náà tí yóò béèrè pé ọmọ ta ni mí. Bí mo bá ná ọjà, wọ́n á rẹ́rìn-ín nítorí ohùn Ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́nu mi. Mo fara dà á, nítorí mo ní ohun tí mo ń lé.

Ohun tí mo ń lé ni iṣẹ́ taípù ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńlá kan tó ń ra kòkó. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀rù wọn kò bà mí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. A pọ̀ tí a lọ ṣe ìdánwò, obìnrin mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Wọ́n ń pe lẹ́tà, a ń tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo ṣe. Akọ̀wé àgbà wọn, ọmọ Yorùbá kan tí orí rẹ̀ ti ń hu ewú, gbé ìwé mi sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní iṣẹ́ mi mọ́. Lẹ́yìn náà dókítà wọn yẹ̀ mí wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wo ojú mi, ó gbọ́ àyà mi, ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo gbogbo awọ ara mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara mi pé.

Nígbà náà ni wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè orúkọ bàbá mi àti iṣẹ́ rẹ̀, ìlú wa àti ojúlé wa, ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé-ìwé tí mo lọ. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Níbi iṣẹ́ bàbá, mo kọ káfíńtà, nítorí káfíńtà ni. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti béèrè irú àìsàn tó ti ṣe bàbá mi rí. Bí wọ́n bá béèrè ni, èmi ni ǹ bá pinnu bóyá kí n dáhùn, tàbí kí n gbé fọ́ọ̀mù wọn sílẹ̀ kí n máa lọ. Wọn kò fún mi ní àyè yẹn. Wọ́n ní kí n lọ sílé, pé àwọn yóò ránṣẹ́ pè mí.

Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí ni lẹ́tà yín ti dé, tí ẹ ń dúpẹ́ nítorí ọ̀rẹ́ mi tí mo rán sí yín.

Ẹ ní ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ọ̀wọ̀, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó sì sọ èdè wa bí ẹni pé inú ilé wa ni wọ́n bí i sí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo kalẹ̀, ó ní èmi ni mo fi rán òun, pé ibi iṣẹ́ kan náà ni a wà. Ẹ gún iyán fún un. Bàbá lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ku ẹ̀yin àti àlejò. Ó wá ní mo ti sọ fún òun nípa gbogbo ọdún tí bàbá fi wà ní ìdálẹ̀, ó ní ṣé ara bàbá ti wá le pátápátá báyìí?

Ẹnu àwọn aládùúgbò ló ti gbọ́ pé bàbá pẹ́ ní ìdálẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò ju pé ó lọ ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Bìní. Ẹ̀yin kò mọ̀ pé ńṣe ló ń dọdẹ yín. Ẹ rò pé mo ti finú hàn án. Kí ni ìyá kan ìbá tún rò? Ọ̀rọ̀ tí a ti fi pamọ́ nínú ilé wa láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ẹ rò pé ọmọ yín ti rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún ní ìlú òkèèrè, inú yín sì dùn pé kò dá nìkan rù ú mọ́. Ẹ wọ yàrá lọ, ẹ gbé ìwé ìdásílẹ̀ bàbá jáde láti inú àpótí, èyí tí dókítà ibùdó ìtọ́jú fọwọ́ sí pé ẹ̀tẹ̀ tó ṣe é ti jinná, pé kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ fi hàn án kí ó lè bá yín yọ̀.

Ibi tí mo ka lẹ́tà yín dé nìyẹn tí mo fi pariwo pe Sàlámátù. Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Mi ò ní ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́, nítorí mi ò tíì ní iṣẹ́. Sàlámátù bi mí pé ta ló mọ ojúlé ilé wa ní Iyere nínú gbogbo Èkó. Mo ní kò sí, àfi fọ́ọ̀mù tí mo kọ. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Máníjà, òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ tutù, ní kí n jókòó. Fáìlì kan wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ìdánwò mi ló dára jù lọ, pé òun fẹ́ gbà mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú fáìlì. Ó kà á pé adẹ́tẹ̀ ni bàbá mi. Ó kà á pé òrùlé ilé wa ń jò lápá kan. Ó kà á pé ìyá mi kò mọ̀wé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ó kà á pé ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi ní Isuada kí n tó wá sí Èkó, pé èmi ni mo kọ̀ ọ́. Gbogbo ìyẹn, ìyá mi, nítorí kí n lè máa tẹ lẹ́tà kòkó!

Ó ti ìwé kan sọ́dọ̀ mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ìwé náà ní mi ò ní dé Iyere níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi bá wà níbẹ̀. Ó ní bàbá mi kò gbọdọ̀ wọ ilé tí mo bá ń gbé. Ó ní ilé-iṣẹ́ lè rán ẹni tó bá wù wọ́n lọ béèrè nípa èmi àti ẹbí mi nígbàkígbà, láìsọ fún mi. Bí mo bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti di tèmi.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo mú kálámù. Mo rántí bàtà tó hu funfun, mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi kọ́ iṣẹ́ náà, mo rántí ohun tí mo ti ṣèlérí láti máa fi ránṣẹ́ sílé. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìwé. Mo wá bi máníjà pé kí ni dókítà wọn sọ nípa ara tèmi. Ó ní dókítà sọ pé ara mi pé. Mo ní dókítà ìjọba fọwọ́ sí ìwé bàbá mi náà pé ó ti sàn, ìyá mi sì gbé e fún ìránṣẹ́ yín kà. Ṣé ó kọ ìyẹn sínú fáìlì? Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn. Kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tí ẹ fi ìwé dókítà lé lọ́wọ́ kọ òrùlé tó ń jò sílẹ̀, kò kọ ìwé dókítà.

Ọkàn mi balẹ̀ nígbà náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ojú ewé tó kan ìyá mi, kí n mú un lọ. Máníjà ní ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni. Mo ní ìwé lè jẹ́ tiwọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn, nítorí irọ́ ni wọ́n fi gbà á lẹ́nu ìyá mi. Ó ní gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò yẹ kó bínú sí i. Mo bi í bóyá òun yóò fún mi ní ojúlé ìyá tirẹ̀, kí n rán ẹnì kan lọ pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó jẹ oúnjẹ ìyá náà, kó sì béèrè àìsàn tó ṣe bàbá rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Akọ̀wé àgbà ń wo ilẹ̀.

Mo fa ilà gbọọrọ láti igun ìwé náà dé igun kejì. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé mi ò gbà, mo sì fọwọ́ sí ìyẹn. Mo kó sátífíkéètì mi, mo jáde.

Akọ̀wé àgbà bá mi ní àtẹ̀gùn. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Ó ní mo ti pa ara mi lára, pé ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan fún mi nípa ẹbí tirẹ̀, ohun tí òun náà fọwọ́ sí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Tirẹ̀ ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀, kó tó padà sókè lọ.

Ní Iyere, ẹ mọ ìyókù jù mí lọ. Nígbà tí ọkùnrin yẹn kúrò nílé wa, kò gba Ọ̀wọ̀ lọ tààrà. Ó lọ sí ojúlé tó tẹ̀ lé tiwa, ó lọ sí ilé-ìwé, ó ń béèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ ni bàbá wà, kì í ṣe Bìní. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ fi dé Idasen. Àwọn tó máa ń gbé àga wá fún bàbá láti tún ṣe kò wá mọ́. Àwọn kan ṣí kúrò níbi tí ẹ̀yin ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Dúpẹ́ sì ránṣẹ́ pé kí ó ṣe sùúrù ná, pé àwọn ń ro ọ̀rọ̀ náà. Dúpẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rò ó pẹ́. Ó kó gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá, ó rù ú fúnra rẹ̀ lọ sí Idasen lẹ́yìn tí ó kọ́ àwọn ọmọ tán ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ìjọba tó ti ń ṣe tíṣà, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ rò ó mọ́, pé òun kò ní wọ ilé tí bàbá òun kò lè wọ̀. Àbúrò mi, mo yìn ọ́.

Ẹ̀yin ará Iyere tí ẹ ń gbọ́ lẹ́tà yìí, ta ló kan àga tí ẹ ń jókòó lé lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá mi padà dé ló kàn wọ́n. Láti ọjọ́ yìí wá ni ẹ ti ń jókòó lórí wọn, tí ẹ ń gbé ọmọ yín lé wọn. Ta ni ẹ̀tẹ̀ mú nínú yín? Ẹ dá mi lóhùn.

Ìwọ tí o gun kẹ̀kẹ́ wá, mo mọ̀ pé o mọ̀wé, o ó ka èyí. O jẹ iyán ìyá mi. O dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ọmọ Ọ̀wọ̀ bíi tiwa ni ọ́, ohùn ilé ni o fi ṣí ilẹ̀kùn wa. Mi ò ní ṣépè fún ọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé a mọ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ kò ṣẹ̀. Ẹ fún àlejò lóúnjẹ, ẹ sì gba ẹni tó lórúkọ ọmọ yín lẹ́nu gbọ́. Bí mo bá rán ẹnì kan sí yín lọ́la, ẹ tún gún iyán fún un. Mi ò fẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ yẹn sọ yín di ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo ń jẹ. Mo lọ bá agbẹjọ́rò kan, ó ní kò sí òfin tó dí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú. Bí kò bá sí nínú ìwé òfin, èmi yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Mo wá gba taipuráítà àlòkù kan, Sàlámátù sì fún mi ní igun kan ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń wá, mo máa ń bá wọn tẹ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ wọn. Bí fọ́ọ̀mù bá wà, mo máa ń kà á fún wọn kí wọ́n tó mú kálámù. Mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tó kan iṣẹ́, kí wọ́n fi òtítọ́ dáhùn rẹ̀. Ohun tó kan ìyá wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Mo tún máa ń ní kí wọ́n kọ̀wé sílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilé mọ̀ pé àlejò lè dé. Àwọn kan rí iṣẹ́, àwọn kan kò rí. Ẹnì kan padà wá sọ fún mi pé òun náà fa ilà. Owó tí mo ń rí nídìí iṣẹ́ yìí kò tó èyí tí òyìnbó ìbá san, ohun tí mo ṣèlérí yóò pẹ́ díẹ̀. Ẹ bá mi fara dà á.

Ó ku ohun kan. Ẹ lè máa béèrè nínú ọkàn yín pé kí ló yà mí sọ́tọ̀ kúrò lára oníkẹ̀kẹ́ yẹn, nígbà tí èmi náà ti wá gbé àìsàn bàbá mi sínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Ìbéèrè gidi ni, èmi náà ti bi ara mi. Nítorí rẹ̀ ni lẹ́tà yìí ṣe pẹ́. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí Dúpẹ́. Ó ní kí n kọ tòun, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ ọkùnrin Idasen náà. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Mo sì kọ̀wé sí bàbá lọ́tọ̀, láìjẹ́ kí ẹ̀yin mọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, mo ní bí ó bá ní rárá, iná ni mo máa fi lẹ́tà yìí dá. Mo dúró.

Ó dá mi lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, nítorí ìka méjì yẹn tí kì í nà mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kúrò ní ibùdó, wọ́n ti bi ìyá mi, wọ́n ti bi aládùúgbò, wọ́n ti bi tíṣà, kò sí ẹni tó bi òun. Ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má sì kọ ọ́ bí ẹni pé ọkùnrin kan báyìí ni. Kí n kọ orúkọ òun pé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ni.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, ìyá mi. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ lọ́nà oko, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Dúpẹ́, ẹni tó tọ́ sí ọ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tẹrú tọmọ, ẹ kí àwọn tó ń kí wa àti àwọn tí kò kí wa mọ́. Sàlámátù kí yín. Ẹ sì bá mi kí Jákọ́bù Ọlátẹ́jú, káfíńtà, ọmọ Iyere, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ṣe, tí ó sàn, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kí n sọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Rákélì Ọlátẹ́jú